Ọ̀rọ̀ Kan Tí Lákànlé Gbé Mì

Ẹpa ò bóró mọ́. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Bí ilé bá jó tán kí omi tó dé, a ó ní ẹpa ò bóró mọ́. Bí ọmọ bá fi ìwé ṣeré títí tí ìdánwò fi ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ yóò mi orí, yóò ní ẹpa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá? Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé àkànlò èdè ni, pé kì í ṣe òwe. N kò bá wọn jà. Òwe ni àwọn àgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pè é, òwe náà ni n ó sì máa pè é.

Ní kékeré mi, mo rò pé ẹ̀pà tí à ń jẹ ni. Mo máa ń rò ó pé kí ló dé tí ẹ̀pà yìí kò fi bó, àbí wọn kò yan án gbẹ ni? Ìyá mi àgbà fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ kí ó tó là á yé mi. Ẹpa, tí kò ní àmì kankan lórí, ni oògùn tí àwọn ará àtijọ́ fi ń lé oró ejò kúrò lára ènìyàn. Pé ẹpa bá oró ni pé oògùn sáré, ó lé oró bá lójú ọ̀nà, ó sì dá a dúró. Eré sísá ni ọ̀rọ̀ náà, láàárín ohun méjì nínú ara ènìyàn kan.

Ìyẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ títí mo fi dàgbà. Ọjọ́ tí ó sọ ọ́ fún mi, ibi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bàbá yẹn fi di àyà mú, tí ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bi í pé iṣu tí òun jẹ ni kò dà. Ilé ìwòsàn kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀. Ìyá mi àgbà jókòó sórí àga láìtú gèlè, ó ní, "Lákànlé náà ni. Lákànlé ò tíì kú láyé yìí." N kò mọ ẹni tí ń jẹ́ Lákànlé. Ó ní kí n jókòó.

Lákànlé jẹ́ adẹ́mu ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Osè, ìlú tí igbó ti gbà padà báyìí. Orí ọ̀pẹ ni iṣẹ́ adẹ́mu wà. Igbà ni ó fi ń gùn ún, ìyẹn okùn líle tí yóò fi yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ po, tí yóò fi ẹ̀yìn tì, tí yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rìn gòkè. Kò sí adẹ́mu tí okùn yìí kì í gé. Lónìí ó lè bó o lápá, lọ́la ó lè gé e lẹ́sẹ̀. Wọn a fi àdí pa ojú ibẹ̀, wọn a sì padà sórí igi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà gbà wọlé.

Lákànlé ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Látóún. Bàbá wọn ló ń wo gbogbo ẹni tí ejò bá gé jẹ ní agbègbè náà. Nígbà tí bàbá yìí darúgbó, gbogbo ẹbí rò pé Lákànlé ni yóò fi ẹpa lé lọ́wọ́, nítorí òun ni àkọ́bí, òun sì ni ọkùnrin. Látóún ló fi lé lọ́wọ́. Ó ní ẹni tí yóò máa se ẹpa gbọ́dọ̀ lè jókòó ti iná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìdìde, pé Lákànlé kò sì lè jókòó jẹun tán. Òtítọ́ ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n níwájú ẹbí ló ti sọ ọ́, ẹbí sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn kò dà nínú Lákànlé. Lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá wọn, ó dìde láàárín agbo ilé, ó ní, "Gbogbo yín ẹ gbọ́ o. Ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi dé ilé Látóún wá ẹpa láéláé. Bàbá ti sín gbẹ́rẹ́ ejò fún mi ní kékeré. Ejò tó máa gé mi jẹ, wọn ò tíì bí ìyá ẹ̀."

Látóún wà níbẹ̀. Ó kó àdó bàbá rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ ní òdìkejì odò, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́pa ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ẹlẹ́pà, kò ta ẹ̀pà rí. Ọdún mẹ́ta kọjá tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò jọ fọwọ́ bọ àwo kan náà. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, Látóún yóò kúnlẹ̀, Lákànlé yóò ní, "Ṣé dáadáa ni?" yóò sì ti kọjá kí ó tó gbọ́ èsì.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní Òkè-Osè, wọn kì í dárúkọ ejò létí ẹni tí ejò bá gé jẹ. Wọ́n gbà pé bí oró bá gbọ́ orúkọ ẹni tó ni ín, yóò ta gìrì, yóò sì máa sáré sí i. Okùn ni wọ́n ń pe ejò, bí ọ̀pọ̀ ilé ti ń pè é lálẹ́ títí di òní. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sáré wọlé tọ Látóún, tí ó ní, "Okùn gé lágbájá jẹ," Látóún kì í bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Àdó ẹpa ni yóò gbé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní, "Okùn gé lágbájá," adẹ́mu kan ni igbà bó lára nìyẹn, àdí ni yóò mú lọ. Jẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ọmọ ọdún méjì lè pè é. Òun nìkan ló wà láàárín ọgbẹ́ àti ikú ní ìlú yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Lákànlé lọ gbé ẹmu. Ó ti gun ọ̀pẹ mẹ́rin sọ̀kalẹ̀. Ní ìdí ìkarùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú akèrègbè tí ó gbé sínú koríko, nǹkan dúdú kan sì gé e jẹ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó rí i. Ó rí bí ó ti wọ́ ara rẹ̀ lọ láìkánjú, bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán.

Odò kò jìnnà sí oko ẹmu rẹ̀. Láti ibi tí ó dúró, ó ń rí òrùlé ilé Látóún lókè odò lọ́hùn-ún, ó tilẹ̀ ń rí èéfín tí ń jáde níbẹ̀. Bí ó bá kọrí síbẹ̀, kí ènìyàn tó jẹ ẹ̀kọ méjì tán, yóò ti dé. Ilé tirẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Lákànlé wo òrùlé náà. Ó rántí ẹ̀rín ẹbí. Ó yí ẹ̀yìn sí odò, ó kọrí sílé.

Bí mo bá ń rò ó, ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù. Ẹni tí kò mọ̀nà ni a máa ń ṣàánú fún. Èyí mọ̀nà.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó dé. Ó rí i pé ọwọ́ ọkọ òun ṣófo.

"Bàbá Adéṣeun, ẹmu dà?"

"Mo gbé e sílẹ̀ lóko. Igbà ló gé mi díẹ̀. Fún mi lómi."

Ó mu omi náà, ìdajì rẹ̀ sì dà sí àyà rẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí ó tó ráyè kọ̀. Ojú ihò méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ ara wọn, ẹsẹ̀ sì ti ń wú.

"Igbà wo ló ń gé èèyàn lójú méjì?" Àwẹ̀ró bi í.

"Mo ní igbà ni."

"Bàbá Adéṣeun, okùn gé yín jẹ. Ẹ jẹ́ n ránṣẹ́ sí ọkọ mi obìnrin." Báyìí ni ó ń pe Látóún, bí ìyàwó ilé ti í pe àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Gbẹ́rẹ́ bàbá mi wà lára mi. Tó bá di ọ̀sán, á ti lọ."

"Tí ò bá lọ ńkọ́?"

Àwẹ̀ró mú ọ̀já kan wá láti fi di ẹsẹ̀ náà, Lákànlé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ẹni tó bá wọlé tó rí ọ̀já lẹ́sẹ̀ òun ti mọ̀ nìyẹn. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo òde bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Àwẹ̀ró padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò bó nǹkan kan. Ojú ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀. Kì í ṣe oorun. Lákànlé yóò gbé e sókè, yóò tún wálẹ̀. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún un lẹ́nu, ó ń tu ú sílẹ̀ lemọ́lemọ́. Nígbà yìí ni Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó sì ń sunkún. Ó ní òun ò bí sílé yìí kí òun wá di opó nítorí ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn ti rín gbàgbé.

Ẹ̀rù ba Lákànlé gan-an báyìí. Ó sì tijú pé ẹ̀rù ba òun. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí bára wọn jà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi pín in ní ìdajì-ìdajì, ìpín burúkú.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Kí wọ́n ní okùn gé mi lẹ́sẹ̀. Má fi jẹ sí i."

"Báwo ló ṣe máa mọ̀?"

"Á mọ̀. Ọmọ bàbá mi ni. Tó bá dé, tó rí ẹsẹ̀ yìí, á mọ̀. N ò ní jẹ́ kí gbogbo èrò odò gbọ́ pé Lákànlé ránṣẹ́ wá ẹpa."

Ẹ wo bí ìgbéraga ti gbọ́n tó, ẹ sì wo bí ó ti gọ̀ tó. Ó ronú kan ojú èrò odò, kò ronú kan ohun tí Látóún yóò gbé lọ́wọ́ dé.

Ọ̀jẹ́dìran, aládùúgbò wọn, ni ó ń kọjá lọ sí oko rẹ̀ ní ọ̀nà odò. Àwẹ̀ró ké sí i. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò sí ẹni tí ó lè bá pàdé tí kò ní dúró kí títí dé orí ewúrẹ́ ilé onítọ̀hún. Nígbà tí ó wọlé, Lákànlé ti jókòó dáadáa, aṣọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀jẹ́dìran, mo fẹ́ rán ọ sí Látóún. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo bẹ̀ o, mi ò bẹ ẹnu rẹ. Má dúró kí gbogbo ẹni tó o bá bá lọ́nà."

Ọ̀jẹ́dìran rẹ́rìn-ín. "Kí ni kí n sọ?"

"Okùn gé mi lẹ́sẹ̀. Kó wá."

"Okùn gé ọ lẹ́sẹ̀, kó wá. Ó tán?"

"Ó tán."

Ọ̀jẹ́dìran jáde. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ju kí ó la ẹnu kí ó jáde lọ. Ọ̀jẹ́dìran dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Àwẹ̀ró la ẹnu. Láti inú ilé, ọkọ rẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró." Orúkọ rẹ̀ nìkan ló pè, kò fi nǹkan kan tì í. Àwẹ̀ró pa ẹnu dé. Ọ̀jẹ́dìran yà níbẹ̀, Àwẹ̀ró kò sì rí i mọ́.

Níbí ni ìyá mi àgbà ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó ń wá bí ìtàn ṣe lọ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jẹ́dìran rìn kíákíá lóòótọ́, bí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. Ó bá Látóún nídìí iná, ó ń ro ẹpa nínú ìkòkò. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ló ránṣẹ́, ó fi ọmọrogùn sílẹ̀.

"Lákànlé ló rán ọ? Òun fúnra ẹ̀? Ó dárúkọ mi?"

"Ó ní kí Látóún wá. Okùn gé e lẹ́sẹ̀."

Ẹ má ṣe rò pé Látóún kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo Ọ̀jẹ́dìran lójú, ó sì bi í ní ohun tí ó yẹ kí ó bi í.

"Okùn gé e, àbí okùn gé e jẹ?"

"Gé e lẹ́sẹ̀ ló wí. Mo tún un wí fún un, ó ní ó tán. Kò kúkú le, ó jókòó, ó ń bá mi ṣàwàdà."

Ọkàn Látóún balẹ̀. Kì í ṣe pé ó balẹ̀ nìkan, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó rò ó pé kò sí ilé adẹ́mu tí kò sí àdí. Ẹni tí igbà gé, tí ó sì ránṣẹ́ dé òdìkejì odò, kì í ṣe àdí ni ó ń wá. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ń wá. Ọdún mẹ́ta ti tó, ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́ parí ìjà, ó kàn ń wá ohun tí yóò fi bojú ni. Látóún kò lè lọ pàdé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, pẹ̀lú eérú lára. Ó wẹ̀. Ó mú ìró rẹ̀ tó dára jù ró. Ó ní ẹja àrọ̀ tí ó yan sí orí àjà. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó lọ ata, ó se é ní ọbẹ̀ bí ìyá wọn ti máa ń sè é fún Lákànlé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ọbẹ̀ kò ṣeé kánjú sè. Ó ní sùúrù, ẹ rántí, nítorí sùúrù yẹn ni bàbá wọn ṣe yàn án.

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ó na ọwọ́ sí ibi tí àwọn àdó rẹ̀ wà. Àdó àdí àti àdó ẹpa jọ so kọ́ sí igi kan náà. Ó ní láti fi ọwọ́ ti ẹpa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó rí àdí mú. Ó mú àdí, ó gbé ọbẹ̀ karí, ó sọdá odò.

Àwẹ̀ró rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré pàdé rẹ̀.

"Ẹpa dà?"

"Ẹpa kẹ̀? Wọ́n ní okùn gé e."

Àwẹ̀ró wo abọ́ ọbẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Látóún wọlé. Lákànlé ṣì fẹ̀yìn ti ògiri, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò gbé orí mọ́. Nígbà tí ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka gbé ìpéǹpéjú kan kúrò lójú ara rẹ̀ kí ó lè rí i. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Látóún ní láti tẹ etí sílẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Àbúrò mi," ni ó wí. "Fi jẹ kún un."

Abọ́ ọbẹ̀ já bọ́ lulẹ̀. Látóún sáré. Obìnrin tó ti bímọ márùn-ún, tó wọ ìró ọjọ́ rere, ó sáré la ìlú kọjá, ó sọdá odò láìká ìró náà sókè, ó já àdó ẹpa lórí igi, ó sì sáré padà. Àwọn tí ó rí i lọ́jọ́ náà ní àwọn kò mọ̀ pé ó lè sáré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé, òrùn ti wà ní àtàrí. Àwẹ̀ró gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Látóún fi ìka ya eyín rẹ̀, ó da ẹpa sí i lẹ́nu. Díẹ̀ wọlé, èyí tó pọ̀ jù gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu dà sílẹ̀. Ó dúró, ó tún da òmíràn. Ó gbé etí lé àyà rẹ̀, ó sì gbé e síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ tún fún un sí i," Àwẹ̀ró wí. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fún un sí i."

Látóún gbé orí sókè. Ó dí àdó náà lẹ́nu.

"Àwẹ̀ró, ẹpa ò bóró mọ́. Oró ti ń lọ láti àárọ̀. Mo sáré, ẹpa náà sáré. A ò bá a."

Bí Lákànlé ti kú nìyẹn, ẹni tí ó ń rí òrùlé ilé ìwòsàn rẹ̀ láti ibi tí ejò ti gé e jẹ.

Nígbà tí àwọn ará ìlú kó ara wọn jọ síbi ọ̀fọ̀, àwọn kan ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹpa bàbá yẹn ti bàjẹ́ lọ́wọ́ obìnrin. Látóún gbọ́ ọ. Ó ní ẹpa bàbá òun kò kọ iṣẹ́ rí, pé oró ni wọ́n jẹ́ kí ó ṣíwájú. Wọ́n bi í pé ta ló jẹ́ kí ó ṣíwájú, ó ní kí wọ́n má bèèrè. Kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò dárúkọ Àwẹ̀ró, kò sì dárúkọ ara rẹ̀ tí ó ń lọ ata. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn Òkè-Osè ti ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, tí ó fi kúrò lórí ejò, tí ó bọ́ sórí gbogbo nǹkan. Ọ̀jẹ́dìran ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ́. Títí ó fi kú ni ó ń wí pé, "Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo jẹ́ ẹ." Òótọ́ sì ni. Àwẹ̀ró dàgbà di arúgbó. Bí ọmọ tàbí ọmọọmọ kan bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, pé ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni, yóò wò ó títí, yóò sì bi í pé, "Ṣé o fi jẹ kún un?"

Nígbà tí ìyá mi àgbà sọ dé ibẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ká a sórí itan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, kò wo ojú mi.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣu," ni ó wí. "Ó fi ọwọ́ mi lé àyà ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ń lù. Ó ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ, pé wọ́n á gbé òun lọ síbi abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní kí n má sọ, mi ò sọ."

Mo jókòó tì í. Ó pẹ́ kí ó tó ní kí n lọ gbé omi wá.

Ẹpa ò bóró mọ́. Nígbà tí nǹkan bá ti bọ́ tán, tí ìrànlọ́wọ́ tó wà nítòsí láti ìbẹ̀rẹ̀ bá dé lẹ́yìn ìgbà tí ó lè wúlò, ni àwọn àgbà máa ń sọ ọ́. Wọn kì í fi bú ẹni tí ó ti lọ, nítorí etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì wà tí ó lè sáré, àgbà gidi kò ní í sọ ọ́. Yóò ní kí á sáré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan, tí ẹ rí i pé ó wolẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, ẹ má tètè rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń sọ. Ó lè jẹ́ pé òun náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rí, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tí ó sì pa ẹnu dé.